Àwọn Tó Mọ Àtọ̀ Kà ní Houston

Ká fi testosterone dá àtọ̀ ọkùnrin dúró, ìyẹn kò le. Ẹni tó bá ti mọ abẹ́rẹ́ gún sí ìdí lè ṣe é. Ohun tó le ni ká mọ̀ dájú pé ọmọ kò sí nínú àtọ̀ náà mọ́, ká mọ ìgbà tó tán, ká mọ̀ bóyá yóò padà, ká sì mọ ìgbà tí yóò padà. Orí kíkà ni gbogbo èyí dúró lé. Ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, àwọn kan wà tí wọ́n ti ń kà á láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, tí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ sì ṣì wúlò fún dókítà àti aláìsàn títí dòní. Àwọn ni mo fẹ́ yìn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dúró ti tábìlì lábù. Ọkùnrin náà ti fi ọjọ́ méjì sí méje ṣọ́ ara rẹ̀, kò bá obìnrin lò pọ̀, kò sì da àtọ̀ nù lọ́nà mìíràn. Ó gbé ife kékeré tí wọ́n kọ orúkọ àti aago sí lára wá. Àtọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde máa ń ki, ó máa ń dì mọ́ra, kò sì ṣeé kà bẹ́ẹ̀. Yóò tó ààbọ̀ wákàtí, nígbà mìíràn yóò tó wákàtí kan gbáko, kó tó yọ́ di omi. Òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í kánjú mú un ṣáájú àsìkò yẹn, kì í sì í jẹ́ kó pẹ́ jù. Kò ní dà á sínú ohun èlò mìíràn kó tó mọ bó ti pọ̀ tó, nítorí díẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ara ife. Orí ìwọ̀n ló ń gbé e sí, yóò yọ ìwúwo ife kúrò, gíráàmù kọ̀ọ̀kan tó bá sì kù, mílílítà kan ló kà á sí.

Lẹ́yìn èyí ni yóò pò ó pọ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Bí a kò bá pò ó dáadáa, ìsàlẹ̀ ife yóò ní ju òkè lọ, iye tí a bá kà yóò sì jẹ́ irọ́ bí ojú ẹni tó ń kà á tilẹ̀ mọ́ bí ọjọ́. Yóò fi omi tó ń dá kòkòrò àtọ̀ dúró là á, kí wọ́n má baà máa sáré kiri nígbà tó bá ń kà wọ́n. Lẹ́yìn náà ni yóò jẹ́ kí díẹ̀ ṣàn sábẹ́ gíláàsì onílà tí wọ́n ń pè ní Neubauer, ní apá méjèèjì, yóò sì dúró ìṣẹ́jú díẹ̀ kí gbogbo wọn lè rọlẹ̀ sójú kan náà kó tó gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù.

Ojú gíláàsì yẹn ní àwọn àpótí kéékèèké tí wọ́n fín sí i. Òfin wà fún èyí tó bá jókòó lórí ìlà: a ó ka èyí tó wà lórí ẹ̀gbẹ́ méjì nínú mẹ́rin, a ó fi èyí tó wà lórí ẹ̀gbẹ́ méjì yòókù sílẹ̀, kí a má baà ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó ní orí àti ìrù ni a ń kà. Ìrù tí kò lórí ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ ka 200 ní apá kìíní, kó tún ka 200 ní apá kejì. Ìdí tí wọ́n fi yan iye yẹn ni pé bí a bá ka 400 lápapọ̀, àṣìṣe tí èèṣì lásán lè fà kò ju bí ìdá 5 nínú 100 lọ. Tí a bá ka ogójì péré, àṣìṣe yẹn yóò lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Bí iye apá méjèèjì bá jìnnà síra jù, kò ní pín in sí méjì kó máa lọ. Yóò da méjèèjì nù, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ràn òfin yìí gan-an, torí pé ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń pa á mọ́: kò sẹ́ni tí yóò rí òṣìṣẹ́ náà tó bá pa iye méjì tí kò bára mu pọ̀, àfi ẹ̀rí ọkàn tirẹ̀.

Níbi tí iṣẹ́ yìí ti wá di iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n pátápátá ni òdo. Bí kò bá rí ẹyọ kan lójú gíláàsì, kò tíì lè sọ pé kò sí. Yóò kó àtọ̀ náà sínú ẹ̀rọ tó ń yí bíríbírí, yóò jẹ́ kó yí fún ìṣẹ́jú 15 pẹ̀lú agbára ìlọ́po 3,000 ohun tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan mọ́ra, kí ohunkóhun tó bá wà nínú rẹ̀ lè dì sí ìdí ìgò. Yóò wá fi ojú tọ ìdí ìgò yẹn láti etí dé etí. Bó bá rí ẹyọ kan ṣoṣo, òdo kọ́ nìyẹn mọ́.

Ẹni tí kò bá mọ ohun tó wà nídìí òdo lè rò pé àṣejù ni. Kì í ṣe àṣejù. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe àyẹ̀wò ńlá wọn kejì lórí abẹ́rẹ́ testosterone fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí, tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1996, ọkùnrin 399 ló kópa láti orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án. Àwọn tí àtọ̀ wọn dé òdo gan-an kò fún ìyàwó wọn lóyún rárá. Àwọn tí díẹ̀ ṣẹ́kù sí tiwọn, tí kò ju mílíọ̀nù mẹ́ta nínú mílílítà kan lọ, ìwọ̀n oyún tiwọn jẹ́ bí 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún kan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìdílé tó ń sùn lọ́kàn balẹ̀ àti ìdílé tí oyún já lù lójijì, ọwọ́ ẹni tó ń wo ìdí ìgò yẹn ló wà.

Báwo ni abẹ́rẹ́ tó ń fún ọkùnrin ní họ́móònù ọkùnrin ṣe wá ń gba àtọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹran kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ, pituitary, òun ló ń rán họ́móònù méjì, LH àti FSH, sí kóró ẹpọ̀n pé kí wọ́n ṣiṣẹ́. Bí testosterone bá ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ a ṣe bí ìyá ọlọ́jà tó rí i pé àpò gàrí kún ìsọ̀ fọ́fọ́: kò ní ránṣẹ́ sóko mọ́. LH àti FSH a lọ sílẹ̀. Kóró ẹpọ̀n a sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ohun tó ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé inú kóró ẹpọ̀n gan-an ni testosterone ti wá wọ́n jù, bó ti wù kó kún ẹ̀jẹ̀ tó, nítorí kí àtọ̀ tó lè hù, testosterone inú kóró gbọ́dọ̀ fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti inú ẹ̀jẹ̀ lọ. Èyí tí a gún sí ìdí kò lè dé ìwọ̀n yẹn níbẹ̀. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, kóró náà a súnkì, a kéré sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Láti ọdún 1939 ni wọ́n ti mọ̀ pé testosterone lè dín kòkòrò inú àtọ̀ kù. Ọdún kan náà ni wọ́n fún Butenandt àti Ružička ní ẹ̀bùn Nobel, àwọn tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ po họ́móònù náà ní lábù. Ṣùgbọ́n ogójì ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá kí ẹnikẹ́ni tó jókòó ti ìmọ̀ yẹn, kó fi kíkà tí kò káàárẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lè jẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí.

Emil Steinberger wà lára àwọn tó jókòó tì í. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Anna, tóun náà jẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀, kó wá sí Houston lọ́dún 1971, Emil sì dá ẹ̀ka ìmọ̀ ìbímọ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tuntun tí Yunifásítì Texas ṣí síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ onímọ̀ ìlera ìbímọ ọkùnrin ti Amẹ́ríkà sílẹ̀ lọ́dún 1975, òun ni ààrẹ àkọ́kọ́. Òun àti Keith Smith ni wọ́n ń fún àwọn ọkùnrin alára líle ní testosterone enanthate, tí wọ́n ń gba àtọ̀ wọn léraléra, tí wọ́n ń wọn LH, FSH àti testosterone inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Lọ́dún 1977 ni wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde. Wọ́n fi hàn pé abẹ́rẹ́ náà lè mú àtọ̀ wálẹ̀ débi tó lè wúlò, pé ó sì lè padà. Wọn kò pariwo. Wọ́n pe iṣẹ́ náà ní àyẹ̀wò ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi àkọsílẹ̀ hàn kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Baylor College of Medicine, ní ìlú kan náà, Glenn Cunningham àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe irú rẹ̀: bí a ṣe ń mú àtọ̀ dé òdo, bí a ṣe ń mú un dúró níbẹ̀, àti bí a ṣe ń dá a padà. Ọdún 1978 ni tiwọn jáde.

Ohun tó wù mí jù nínú iṣẹ́ Steinberger àti Smith ni sùúrù tó ṣáájú abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Iye kòkòrò àtọ̀ ọkùnrin kan náà lè jẹ́ mílíọ̀nù 40 lọ́sẹ̀ yìí, kó jẹ́ 90 lọ́sẹ̀ mìíràn, láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣe é. Ibà lásán lè já a wálẹ̀. Ẹni tó bá kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó wá fún un ní abẹ́rẹ́, kò ní mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ló mú un wálẹ̀ tàbí ara ló ń ṣe bí ara ṣe ń ṣe. Ìdí rèé tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n ọkùnrin kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìkejì tún wà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdàgbà kòkòrò àtọ̀ títí tí yóò fi pé, bí ọjọ́ 74 ni, yóò sì tún rìn jìnnà kó tó jáde. Nítorí náà, iye tí òṣìṣẹ́ lábù ń kà lónìí ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lára ọkùnrin náà ní bí oṣù méjì àbọ̀ sẹ́yìn. Ẹni tí kò bá fi èyí sọ́kàn yóò rò pé abẹ́rẹ́ kò ṣiṣẹ́, yóò fi kún un, nígbà tó jẹ́ pé ó ti ṣiṣẹ́ tán, ojú ni kò tíì rí i.

Ipa Anna Steinberger kì í ṣe ti ìyàwó tó ń bá ọkọ gbé àpò. Ọwọ́ obìnrin yìí mọ sẹ́ẹ̀lì kóró ẹpọ̀n tọ́jú lẹ́yìn òde ara, nínú àwo, iṣẹ́ tí ìdọ̀tí kékeré tàbí òtútù díẹ̀ lè bà jẹ́. Lọ́dún 1976, àwọn méjèèjì fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì Sertoli, tí wọ́n ń tọ́jú àtọ̀ dàgbà, ń tú ohun kan jáde tó ń dá FSH dúró. Ohun tí ayé wá mọ̀ sí inhibin nìyẹn. Ó túmọ̀ sí pé kóró ẹpọ̀n pẹ̀lú ní ẹnu tó fi ń bá ọpọlọ sọ̀rọ̀. Irú ìmọ̀ yìí ló jẹ́ kí àwọn tó ń fi họ́móònù dá àtọ̀ dúró mọ ohun tí wọ́n ń fọwọ́ kàn.

Ọmọ iṣẹ́ kan wá sọ́dọ̀ Emil Steinberger láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn, Larry Lipshultz, oníṣẹ́ abẹ tó wá kọ́ ìmọ̀ ìbímọ. Baylor ló jókòó sí lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ló sì ti di ọ̀gá tí ọ̀pọ̀ dókítà tó ń tọ́jú ìbímọ ọkùnrin ní Amẹ́ríkà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ka bí iṣẹ́ ṣe kọjá láti ọwọ́ ọ̀gá sí ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ yìí sí ọ̀kan lára ohun tó dára jù nínú ìtàn náà, nítorí pé ìlẹ̀kùn àtọ̀ tí Steinberger ń tì, òun ni Lipshultz ní láti ṣí.

Nǹkan ti yí padà. Okun ni ọ̀pọ̀ jù ń tìtorí rẹ̀ lo testosterone ní Amẹ́ríkà báyìí, kì í ṣe ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Àjọ tó ń bójú tó oògùn níbẹ̀ sọ pé lọ́dún 2013, ọkùnrin mílíọ̀nù 2.3 ni dókítà kọ ọ́ fún. Ọkùnrin ẹni ọdún 35 tó ń rẹ̀, tí ara rẹ̀ kò yá fún obìnrin mọ́, a wọ ilé-ìwòsàn kékeré kan tí ìpolówó rẹ̀ wà lójú títì, a jáde pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tàbí ìpara. Ara a le. Lẹ́yìn ọdún méjì tí ìyàwó kò lóyún, wọ́n a ka àtọ̀ rẹ̀, wọ́n a bá òdo. Ìfètò tí kò mọ̀ pé òun ń ṣe ló ti ń ṣe. Láti ọdún 2018 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn tó ń tọ́jú ìtọ̀ àti nǹkan ọkùnrin ní Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé kí a má ṣe kọ testosterone fún ẹni tó ń wá ọmọ. Àwa Yorùbá tó wà ní Houston, tí à ń ra ẹ̀lùbọ́ àti ẹja gbígbẹ lójú ọ̀nà Bissonnet, kí a mọ èyí dáadáa. Láàárín wa, ọkùnrin tí kò bí kì í tètè sọ ọ́ jáde, obìnrin ni wọ́n sì sábà máa ń kọ́kọ́ nàka sí.

Ẹ wo ọwọ́ Lipshultz àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ nínú ṣíṣí. Wọ́n lo hCG, họ́móònù tí ara obìnrin ń mú jáde nígbà oyún, nítorí pé ó lè jẹ́ iṣẹ́ tí LH ń jẹ́ fún kóró ẹpọ̀n. Ọpọlọ ṣì ń sùn, ṣùgbọ́n kóró ti gbọ́ ìpè. Lọ́dún 2013, wọ́n ròyìn ọkùnrin 26 tó ń gba testosterone, tí wọ́n sì ń fún ní hCG yúníìtì 500 ní ọjọ́ kan dá ọjọ́ kan sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí àtọ̀ rẹ̀ dé òdo, ìyàwó mẹ́sàn-án sì lóyún. Lọ́dún 2015, wọ́n ròyìn 49 tí testosterone ti gba àtọ̀ lọ́wọ́ wọn. hCG yúníìtì 3,000 ni wọ́n fún wọn ní ọjọ́ kan dá ọjọ́ kan sí, pẹ̀lú oògùn mìíràn bí clomiphene. 47 rí àtọ̀ padà tàbí kó pọ̀ sí i, ní bí oṣù mẹ́rin àbọ̀ ó lé díẹ̀ ní àròpín. Iye ọkùnrin inú iṣẹ́ wọ̀nyí kò pọ̀, kò sì sí ẹgbẹ́ mìíràn tí wọ́n fi wé wọn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe ìlérí fún ọkùnrin. Síbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yan oògùn lé oògùn gẹ́gẹ́ bí iye inú ìwé àyẹ̀wò ṣe ń sọ, tí wọn kò fi oògùn kan ṣoṣo na gbogbo ènìyàn, ọgbọ́n ńlá ni.

Ìbéèrè tó kù ni ti ọjọ́ pípẹ́. Fún àwọn tó lo họ́móònù yìí fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí lábẹ́ àbójútó, ìdáhùn tó dára wà. Lọ́dún 2006, Peter Liu àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kó àkọsílẹ̀ ọkùnrin 1,549 jọ láti inú iṣẹ́ ìwádìí 30. Ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún padà sí mílíọ̀nù 20 nínú mílílítà kan láàárín oṣù mẹ́fà, ìdá 90 láàárín ọdún kan, gbogbo wọn láàárín ọdún méjì. Ní Ṣáínà, wọ́n fún ọkùnrin 1,045 ní testosterone undecanoate 500 mílígíráàmù lóṣooṣù fún oṣù 30, èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2009: oyún mẹ́sàn-án péré, àtọ̀ sì padà sí ìwọ̀n àwọn tó ń bímọ lára gbogbo wọn àfi ọkùnrin méjì. Méjì nínú ẹgbẹ̀rún kan ó lé. Mo bu ọlá fún àwọn tó ń kà á ní Ṣáínà, tí wọn kò jẹ́ kí méjì yẹn sọnù sínú àròpín.

Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin tó kópa nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni a ti yẹ̀ wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ara wọn le, àtọ̀ wọn dára, ìwọ̀n oògùn wọn kò sì kọjá ààlà. Kì í ṣe irú wọn ló ń wá sí Baylor. Lọ́dún 2017, wọ́n gbé àkọsílẹ̀ ọkùnrin 66 jáde níbẹ̀. Láàárín ọdún kan lórí hCG, 46 ló ní kòkòrò tó ń rìn tó mílíọ̀nù márùn-ún lápapọ̀. Ohun tó ń fa ìdádúró méjì ni wọ́n rí: ọjọ́ orí, àti iye ọdún tó fi lo testosterone. Bí ọkùnrin bá ṣe dàgbà sí, tó sì ti pẹ́ lórí rẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni àtọ̀ ṣe ń pẹ́ padà sí.

Ara yòókù ńkọ́? Testosterone máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ki, nítorí ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa pọ̀ sí i; bí sẹ́ẹ̀lì pupa bá ti gba ju ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ lọ, dókítà a dá oògùn dúró tàbí kó dín in kù. Lórí ọkàn, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní TRAVERSE jáde lọ́dún 2023, Mohit Khera ti Baylor sì wà lára àwọn tó kọ ọ́. Ọkùnrin tó lé ní 5,200 ló wà níbẹ̀, ẹni ọdún 45 sí 80, tí testosterone wọn kò tó, tí ọkàn wọn sì wà nínú ewu tẹ́lẹ̀. Ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ikú tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ fà kò pọ̀ sí i lára àwọn tó lo ìpara testosterone: ìdá 7.0 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá 7.3 lára àwọn tó lo ìpara lásán. Ṣùgbọ́n ọkàn tó ń lù ségesège, ẹ̀jẹ̀ dídì tó ń lọ dí inú ẹ̀dọ̀fóró, àti àìsàn kíndìnrín òjijì pọ̀ sí i. Èmi kò lè fi èyí dáhùn fún ọ̀dọ́kùnrin ẹni ọdún 28 tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́ fún ọdún mẹ́wàá kí ìyàwó rẹ̀ lè sinmi lílo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n wò. Ẹni tó bá fi TRAVERSE dáhùn fún un ń fi ìwọ̀n ẹlòmíràn gé aṣọ fún un.

Ní ti ìfètò-sọ́mọ-bíbí fún ọkùnrin, ìwádìí ìpara tó po Nestorone, họ́móònù àtọwọ́dá mìíràn, mọ́ testosterone, tí ọkùnrin ń fi pa èjìká, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2018, pàápàá fi kíkà kan náà ṣiṣẹ́. Mílíọ̀nù kan nínú mílílítà kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò sí pé àtọ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀ dé kí tọkọtaya tó lè fọkàn tẹ̀ ẹ́.

Fún ọkùnrin tí dókítà fẹ́ kọ testosterone fún lónìí, yálà ní Houston tàbí ní Ìbàdàn, iṣẹ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti sọ ohun tí yóò béèrè di kedere. Kó ní kí wọ́n ka àtọ̀ òun kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kó sì tọ́jú ìwé rẹ̀. Bó bá ṣì ń retí ọmọ, kó sọ ọ́ jáde, torí pé ọ̀nà mìíràn wà láti gbé testosterone ara rẹ̀ sókè láìti ìlẹ̀kùn. Bó bá sì jẹ́ dandan, lábù lè tọ́jú àtọ̀ rẹ̀ pamọ́ sínú nitrogen olómi, ní ìwọ̀n òtútù 196 ní ìsàlẹ̀ òdo, kó tó bẹ̀rẹ̀.